Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú ọmọ ní England

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú ọmọ ní England níbí, ẹ lè sọ ọ́ di iṣẹ́ o, kẹ́ ẹ máa bá àwọn ẹlòmíì tọ́jú ọmọ tiwọn náà. Ẹ máa rejísítà pẹ̀lú Ofsted, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àtàwọn tó ń tọ́jú ọmọ, ẹ ṣe kọ́ọ̀sì first aid ọmọdé, wákàtí 12 ni, àti DBS, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí, gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 nínú ilé yín náà máa ṣe DBS o, títí kan ìyá ìyàwó tó bá ń gbé pẹ̀lú yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n máa ka ọmọ tiyín mọ́ ọn, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ 3 péré ni wọ́n ń gbà tí ò tíì pé ọdún 5, torí náà tẹ́ ẹ bá ti ní kékeré méjì nílé, àyè ẹyọ kan ló kù. Táwọn ìyá kan bá ń ṣiyèméjì torí pé ọkùnrin ni yín, ẹ má bínú rárá, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é.