Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìṣírò Kábọ́ọ̀nù Igbó Lẹ́yìn Ìjì Líle

Bí ìjì líle bá ti ojú òkun wá, tí ó sì dojú igbó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka igi tí ó wó, wọn a ṣírò kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ (èròjà tí igi ń fà láti inú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń dàgbà), wọn a sì kéde pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ nìyẹn. Lóòótọ́, nǹkan bí ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ìjì kì í jó igi. Òkú igi a máa di kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mú títí olú àti kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́ tán, èyí tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún bí ìtì náà bá tóbi. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fojú díwọ̀n pé igi ńlá tí ó kú tàbí tí ó ṣẹ́ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA) tó mílíọ̀nù 320, kábọ́ọ̀nù inú wọn sì tó mílíọ̀nù 105 tọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá kọ iye yìí sílẹ̀ fún ọdún kan ṣoṣo ti ṣi ìṣírò: gbèsè tí igbó yóò máa san díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe pe igi tí kò léwé ní òkú igi. Nígbà tí ìjì Maria kọlu erékùṣù Puerto Rico ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, òkè tí ó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀, síbẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ igi tún fi rúwé. Ní Harvard Forest, igbó ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí mọ̀ọ́mọ̀ fa igi wó ní ọdún 1990 láti fara wé ìjì ọdún 1938, wọn kò sì kó ohunkóhun kúrò. Púpọ̀ nínú igi tí ó dùbúlẹ̀ náà ṣì ń rúwé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀mùnú sì ń yọ lára kùkùté. Etí òkun ni ó ṣòro jù. Lẹ́yìn ìjì Irma ní Florida, ní ọdún 2017 kan náà, omi iyọ̀ tí kò rí ọ̀nà ṣàn jáde pa ọ̀pọ̀ igi mangrove ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Ẹni tí ó kà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ti kà wọ́n mọ́ alààyè.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a rí ewé tuntun, kí a sì rò pé gbèsè ti tán. Ní Puerto Rico, yagrumo wà lára igi tí ó máa ń kọ́kọ́ gba ojú àyè tí ìjì ṣí sílẹ̀. A máa yára ga, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ fúyẹ́, kò sì pẹ́ láyé, nítorí náà kábọ́ọ̀nù tí ó ń tọ́jú kéré gan-an sí ti igi líle tí ó rọ́pò. Ewé yóò kún ojú igbó padà ní ọdún díẹ̀. Ìtì ńlá yóò gba ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún.

Ní ti kíkó igi kúrò, èrò tèmi ni pé ìkánjú máa ń ba nǹkan jẹ́ ju ìjì lọ nígbà mìíràn, nítorí ọkọ̀ agbégi a tẹ ilẹ̀ pa, a sì fọ́ ọ̀mùnú mọ́lẹ̀. Iná nìkan ni ó lè dá wa láre láti tètè ṣe é. Ìjì Gilbert wó igbó Yucatán, ní orílẹ̀-èdè Mexico, ní ọdún 1988. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1989 dé, iná ran òkìtì ẹ̀ka gbígbẹ náà, kábọ́ọ̀nù tí ìbá jẹrà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì di èéfín láàárín oṣù mélòó kan. Níbi tí irú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ palẹ̀ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí ó yí ilé àti ojú ọ̀nà ká mọ́, kí ẹ sì fi àwọn ìtì ńlá inú igbó sílẹ̀.