Bí iye fàdákà ṣe ń gbé iye owó onírin àtijọ́ sókè tàbí sílẹ̀

Kí o tó ta owó onírin tí fàdákà wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́ ṣírò iye fàdákà náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rà á lọ́wọ́ rẹ ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ ká mú dọ́là Morgan, owó onírin dọ́là kan àtijọ́ ti Amẹ́ríkà. Ó wọn gíráàmù 26.73. Ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ni fàdákà, bàbà ló kù. 26.73 lọ́nà 0.9 jẹ́ gíráàmù 24.06. Pín in sí 31.1, ìyẹn iye gíráàmù tó wà nínú áwúnsì fàdákà kan, ó di nǹkan bíi áwúnsì 0.77. Bí áwúnsì fàdákà bá ń lọ ní 30 dọ́là lọ́jà àgbáyé, fàdákà inú owó náà tó 23 dọ́là àti díẹ̀. 31.1 ni o, kì í ṣe 28.35! Áwúnsì tí wọ́n fi ń wọn wúrà àti fàdákà wúwo ju ti oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá lo 28.35 á rò pé fàdákà ọwọ́ òun pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ọdún ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n rọ ní 1921 lé ní mílíọ̀nù 80. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti jẹ nítorí ìlò nínú wọn, fàdákà rẹ̀ ni wọ́n ń rà: bí ọjà bá lọ sókè, á bá a lọ; bó bá já, á bá a já. Ṣùgbọ́n ti 1893 tó ní lẹ́tà S lẹ́yìn, 100,000 péré ni wọ́n rọ. Àwọn alákòójọ owó àtijọ́ tó ń wá a ló ń sọ iye rẹ̀, ọjà fàdákà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló gba ìṣọ́ra jù. Ká ní o ra ọ̀kan ní 40 dọ́là nígbà tí áwúnsì wà ní 30. Nǹkan bíi 17 dọ́là nínú rẹ̀ kì í ṣe ti fàdákà, àfikún lórí rẹ̀ ni. Bí áwúnsì bá di 50, fàdákà rẹ̀ nìkan ti kọjá 38 dọ́là, síbẹ̀ oníbàárà lè má san ju 42 lọ. Àfikún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ́ owó onírin dànù, bí wọ́n ṣe yọ́ ọ̀pọ̀ nígbà tí áwúnsì súnmọ́ 50 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980.

Wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré kí o tó sanwó. Bó bá fi díẹ̀ dín, jíjẹ ló jẹ. Bó bá fi gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta dín, fura. Òòfà kì í fa fàdákà. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni. Má sì fi ohunkóhun nù ún kó lè máa dán: ojú tí wọ́n ti ha kì í padà sípò, alákòójọ á sì dá iye rẹ̀ lé fàdákà lásán.