Lékeléke aláwọ̀ góòlù: bí a ṣe ń wá nọ́ńbà kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọjà ọ̀ṣọ́ ilé

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó ọjà ọ̀ṣọ́ ilé láti Ṣáínà wá sí Adó-Èkìtì, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lórí ínfọ́ìsì mi: "home decoration". Mo rò pé ó ti tó. Àjẹ́ńtì tó bá mi gba ẹrù sì fi nọ́ńbà kan péré ti gbogbo páálí. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tú páálí kìíní, ó bá ère irin. Ó tú èkejì, ó bá òdòdó oníke. Ó tú ẹ̀kẹta, ó bá dígí. Kò bá wa jà, ó kàn wò wá ni. Kí a tó tún ìwé kọ, owó ibi ìkẹ́rùsí ti ń gorí ara wọn ní Èkó, èmi sì wà nílé l'Ádòó tí mò ń ka ọjọ́.

Nọ́ńbà tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní HS code, òun ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ irú ọjà tí ẹrù jẹ́ àti owó tí wọn yóò gbà lórí rẹ̀. Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù Àgbáyé tó fìdí kalẹ̀ sí Brussels ló ni ín, láti January 1988 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fojú Bíbélì wò ó: nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni orí, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀, mẹ́fà ni ẹ̀ka inú ẹsẹ̀. Mẹ́fà yẹn, ọ̀kan náà ni káàkiri ayé. ECOWAS fi mẹ́rin mìíràn kún un, ó di mẹ́wàá, òun ni Nàìjíríà ń lò láti 2015. Orí inú ìwé náà dé 97, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ "ohun ọ̀ṣọ́ ilé" nínú wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wádìí ni ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà náà. Ẹ má gba ohun tí ẹni tó ń tà á ń pè é gbọ́. Òòfà kékeré kan wà lórí káńtà mi nítòsí Ọjà Ọba, ara spíkà tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi sáńpù lékeléke aláwọ̀ góòlù kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní irin ni. Mo fi òòfà kàn án lẹ́sẹ̀, kò lẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tíì sọ nǹkan kan, torí òòfà kì í gbé idẹ, kì í sì í gbé alumíníọ̀mù. Mo fi èékánná kàn án, kò dún gbiniin bí irin, "kó" ló dún. Mo wá yí i padà, mo sì ṣí aṣọ fẹlẹfẹlẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀dà kì í sábà dé ibẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó sì wúwo lọ́wọ́. Polyresin ni, ìyẹn ike tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun.

Ká ní irin ni lóòótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ère àti ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi irin, bàbà, idẹ tàbí alumíníọ̀mù ṣe, 8306.29 ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n fi fàdákà tàbí góòlù gidi bò ló ń lọ sí 8306.21, ọ̀dà góòlù kì í ṣe góòlù o. Polyresin ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, 3926.40 ni, ìyẹn ère àti ohun ọ̀ṣọ́ oníke. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun òkúta ni wọ́n fi ike pò pọ̀, wọ́n lè sọ pé òkúta àtọwọ́dá ni, kí wọ́n gbé e lọ sí 6810. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pé èló nínú ọgọ́rùn-ún ni ike, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti tánńganran, ẹ tan iná fóònù sínú ìkòkò náà nínú òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá níbi tó ti fẹ́lẹ́, tánńganran gidi ni, 6913.10. Bí kò bá là á, amọ̀ lásán tí wọ́n fi nǹkan dídán kùn ni, 6913.90.

Ìbéèrè kejì: kí ni ìlò rẹ̀? Àwọn ará ibí á tètè lóye èyí. Ẹ wo ìkòkò tí àwọn ìyá ń mọ ní Ìṣàn-Èkìtì. Èyí tí wọ́n mọ fún ọbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fín ọnà sí i lọ́rùn, ohun ìdáná ni, 6912 ló wà. Èyí tí wọ́n mọ kí ó kàn jókòó sí pálọ̀, 6913. Abọ́ tánńganran tí a ń jẹun nínú rẹ̀, 6911. Abọ́ tó ní ìwọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ya àwòrán sí kí a lè gbé e kọ́ ògiri, ó di 6913. Ẹwà nìkan kì í sọ nǹkan di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ bi ara yín bóyá ọnà náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohun èlò.

Bí ẹ bá ti mọ méjèèjì yìí, ẹ ṣí ìwé. Ibi tí a ti ń wá nọ́ńbà wà lórí ìkànnì Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà. Ìkòkò òdòdó onígíláàsì, 7013. Dígí tó ní férémù, 7009.92, èyí tí kò ní, 7009.91. Férémù fọ́tò onígi, 4414, onírin, 8306.30. Òdòdó àtọwọ́dá oníke, 6702.10, èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, 6702.90. Iná àsokọ́ àjà àti iná orí tábìlì, 9405. Kọ́tìnì, 6303. Tìmùtìmù àga, 9404. Aago ara ògiri tó ń lo bátìrì, 9105.21, bí wọ́n tilẹ̀ fi ewé irin ńlá yí i ká tó fi gba ìdajì ògiri. Aago ṣì ni.

Ère onígi, 4420. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́-ọnà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924 tí kò sì padà wálé mọ́, orí 97 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, láàárín àwọn ère àtilẹ̀bá, 9703. Èmi kò tíì rí irú rẹ̀ nínú kọ̀ńténà kankan. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ kùn náà bẹ́ẹ̀, 9701. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ orí aṣọ kánfáàsì, 4911.

Ẹ má fi àkọlé orí tan ara yín jẹ. Òfin àkọ́kọ́ nínú òfin mẹ́fà tó ń darí ìwé náà sọ pé ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ̀ àti àlàyé ìbẹ̀rẹ̀ orí ló ń dájọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì wà ní 9505, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì kó gbogbo ẹrù December síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé orí 95 ti lé okùn iná wínńkinwìnkin lọ sí 9405, àbẹ́là sì ní ilé tirẹ̀ ní 3406.

Nígbà tí ohun méjì bá wà nínú páálí ẹ̀bùn kan náà tí wọ́n ṣe fún títà pọ̀, ẹ wo èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn, nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹ ó lò. Bí ẹ kò bá lè sọ èwo ni ọ̀gá, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ló ń borí. Ìkòkò gíláàsì pẹ̀lú òdòdó oníke, 7013 ló gbẹ̀yìn 6702. Bí wọn kò bá dì wọ́n pọ̀ fún títà, kálukú á gba nọ́ńbà tirẹ̀. Férémù tí wọ́n tú palẹ̀ kí ó lè wọ páálí, férémù náà ni.

Kí ẹ tó sanwó ọjà, ẹ wo ìwé àwọn ẹrù tí ìjọba kà léèwọ̀. Rọ́ọ̀gì kékeré iwájú bẹ́ẹ̀dì dà bí ohun ọ̀ṣọ́, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì gbogbo láti 5701 dé 5705 wà lára ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, ọ̀pọ̀ àga náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó mú kí nọ́ńbà ṣe pàtàkì sí mi nìyí, ju owó lọ. Ní ti owó, ìpele márùn-ún ni ECOWAS ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà ìlò ilé sábà máa ń bọ́ sí 20. Orí iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ìbánigbófò ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, owó bodè jẹ́ ₦200,000, kí a tó fi VAT 7.5% àti àwọn owó mìíràn kún un.

Níkẹyìn, ẹ kọ ínfọ́ìsì bí ẹni tó mọ ẹrù rẹ̀, ìlà kan fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìlò rẹ̀, iye. "Ère ẹyẹ, alumíníọ̀mù, fún ọ̀ṣọ́ tábìlì, 200." Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó kọ ọ́ o. Èyí tí ó bá ṣì rú yín lójú, Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ti 2023 fàyè gbà yín láti kọ̀wé béèrè ìpinnu kí ẹrù tó gbéra, kí ẹ fi fọ́tò àti ìwé ilé-iṣẹ́ tì í.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe lékeléke mi fèsì lọ́jọ́ kejì: ike ló pọ̀ jù, ìyẹ̀fun díẹ̀ ni wọ́n fi kún un kí ó lè wúwo. Mo tẹ ìdáhùn náà jáde, mo fi há fáìlì, mo sì fi máákà kọ 3926.40 sí ìdí sáńpù náà, níbi tí mo ti ṣí aṣọ rẹ̀.