Wi-Fi fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ẹ wo áńténà kí ẹ tó wo páálí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra Wi-Fi USB kan, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń gba Wi-Fi, ní Ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́, èyí tó kéré bí èékánná. Ó tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lábẹ́ tábìlì yàrá. Router wà ní pálọ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín. Kò sí fídíò ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣí tí kì í dúró lójú ọ̀nà. Ó dùn mí, torí páálí tí wọ́n kọ 600 sí ló tàn án.

AC600 tí wọ́n kọ sí páálí yẹn, àròpọ̀ ìyára ìgbì Wi-Fi méjì ni: 150 Mbps fún ìgbì 2.4 GHz, 433 fún 5 GHz, tí wọ́n wá sún sí 600. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ara router tàbí MiFi yín. Tó bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan ló ní, ẹ má fowó ṣòfò lórí 5 GHz. Tó bá ní méjèèjì, 5 GHz ni kí ẹ lò tí ẹ bá wà nítòsí rẹ̀, torí ó yára jù; ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tó jìnnà, 2.4 ló máa gbà á.

Ní tèmi, mi ò ní ra èyí tí kò ní áńténà tó yọ síta. Irin ni àpótí kọ̀ǹpútà, ó máa ń dínà fún èyí tó kéré tó sá sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé mo ra wáyà ìfàgùn USB, mo fi òwú so Wi-Fi náà mọ́ lúfà fèrèsé tó kọjú sí pálọ̀. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ń rí tẹ́lẹ̀ di mẹ́rin lójú wa.

Tí AC1200, tó yára ju AC600 lọ, lẹ bá fẹ́, ẹnu USB 3.0 ni kí ẹ kì í bọ̀; USB 2.0 kò lè gbé ju 480 Mbps lọ. USB 3.0 sì máa ń da 2.4 GHz láàmú, ìdí mìíràn rèé tí wáyà ìfàgùn fi dára.

Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà tú lè ra káàdì PCIe, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, kí áńténà rẹ̀ ṣáà ní wáyà tó lè dé orí tábìlì.

Tí kọ̀ǹpútà kò bá dá Wi-Fi tí ẹ rà mọ̀, ẹ fi wáyà so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, kí ẹ fi dátà fóònù wa driver rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó) wálẹ̀.