Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Ilé Ní Ìkòyí Àtijọ́

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló la Ìkòyí Àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn. Ọgbà ibẹ̀ fẹ̀, igi ńláńlá wà, ilé kan kò sì fi ara ti èkejì. Ẹni tó bá ti Ìdúmọ̀tà dé ibẹ̀, ara á tù ú. Mo fẹ́ràn àdúgbò náà gan-an, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí bí ẹwà rẹ̀ ṣe ń mú kí olùrà gbàgbé láti bèèrè ọ̀rọ̀.

Má ṣe rò pé ìwé ilé ti mọ́ nítorí pé o kò rí ọmọ onílẹ̀ lẹ́nu géètì. Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà títí di 1991, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìkòyí ló sì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ta àwọn ilé rẹ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn pọ̀. Nítorí náà, bèèrè ìjọba tó fún ẹni tó ń tà ní C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fúnni ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ fún iye ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Aláùsá, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba Èkó wà, ni lọ́yà rẹ yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ti àpapọ̀, iléeṣẹ́ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Wo iye ọdún tó kù lórí rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìyẹn gan-an ni ò ń rà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, títà ilé tó ní C of O ìpínlẹ̀ kò tíì parí bí gómìnà kò bá fọwọ́ sí i. Má sì ṣe lo lọ́yà ẹni tó ń tà fún ọ, bó ti wù kí ó ṣèèyàn tó.

Àwọn kan ń ra ilé àtijọ́ kí wọ́n lè wó o, kí wọ́n kọ́ alájà gíga. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìkọ́lé, ìwé àpapọ̀ nìkan kò tó. Ẹ rántí ilé alájà gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021: ìjọba Èkó ní àjà 15 ni àwọn fọwọ́ sí, 21 ni wọ́n kọ́. Ó wó, ó pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Tó o bá fẹ́ ra fúláàtì tí wọn kò tíì kọ́ tán, gba ìwé àṣẹ náà, kí o fi ojú ara rẹ ka àjà.

Bèèrè owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù fún dísù ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀ṣọ́. Má sì ṣe wo ilé nígbà ọyẹ́ nìkan. Padà lọ ní Oṣù Kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá, kí o wo ibi tí omi dúró sí.