Bí a ṣe ń ṣe ẹlẹ́kítíróòdù (irin tí iná ń gbà wọ inú omi) tó ń fún wa ní háídírójìn, tó sì ń sọ álíkọ́hòlù di ọjà tó lówó lórí

Tí a bá fi iná pín omi, ìdí ọ́síjìn ni iná ti ń ṣòfò jù, ọ́síjìn ọ̀hún kò sì pawó púpọ̀. Ẹ fi benzyl alcohol, irú álíkọ́hòlù kan, rọ́pò rẹ̀: á di benzoate (iyọ̀ ásíìdì benzoic), iná tí á gbà á sì dín. Nítorí náà, kátálíìsì (ohun tó ń mú kí ìyípadà yá) tí à ń wá ni èyí tó yára sí álíkọ́hòlù, tó sì ya ọ̀lẹ sí ọ́síjìn.

Ẹ gé níkẹ́ẹ̀lì oníhò bíi kànìnkànìn, 1 cm sí 2 cm. Ẹ rì í sínú ásíìdì HCl 3 M (M ni móòlù nínú lítà kan) fún ìṣẹ́jú 10 kí ìdọ̀tí ojú rẹ̀ jẹ kúrò, kí ẹ fi omi àti ethanol ṣàn án. Ẹ gbé e sínú omi iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì, Ni(NO₃)₂ 0.1 M, ẹ so ó mọ́ nẹ́gétíìfù, 10 mA fún cm² kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5. Ni(OH)₂, kátálíìsì wa, á bo ojú rẹ̀. Tó bá nípọn jù, á máa ṣí bọ́.

Irin (Fe) ni ọ̀tá níbí. KOH, alkali tí a ó lò nínú omi, tí wọ́n ń tà kì í ṣàì ní irin díẹ̀ nínú. Ni(OH)₂ á fà á mọ́ra, bíńtín náà sì ti tó láti mú kí ọ́síjìn tètè máa hó. Ẹ po Ni(OH)₂ tó mọ́ mọ́ KOH 1 M, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, omi òkè rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fi awọ tó ń jẹ́ kí OH⁻ kọjá sí àárín ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù àti ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù.

Ẹ wá so níkẹ́ẹ̀lì náà mọ́ pọ́sítíìfù nínú KOH yìí. Ẹ gbé fóòtì dé 0.50 V sí Hg/HgO (bíi 1.42 V sí RHE; ẹlẹ́kítíróòdù tí a fi ń wọn fóòtì ni méjèèjì), láìtíì fi álíkọ́hòlù sí i. Ojú rẹ̀ á dúdú: Ni(OH)₂ ti di NiOOH nìyẹn. Ẹ pa iná, ẹ kán álíkọ́hòlù sí i. Bí dúdú náà bá ń ṣí kíákíá, kátálíìsì yín ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá kúrò, ẹ tún un ṣe.

Fóòtì ni kí ẹ dì mú, ẹ má di iye iná mú. Bí álíkọ́hòlù bá ti ń tán, iná tí ẹ dì mú á fipá gun fóòtì sókè, ọ́síjìn á sì bẹ̀rẹ̀. Nínú 25 mL tó ní álíkọ́hòlù 10 mM, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 96.5 C (coulomb, iye iná tó kọjá). Tó bá pé, ẹ fi HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀, tó sì ń wọn wọ́n) wọn benzoate: 0.25 mmol ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá benzaldehyde (ohun tí álíkọ́hòlù ń kọ́kọ́ dà kó tó di benzoate) kó má lo KOH líle yìí, nítorí alkali fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ di benzoate àti álíkọ́hòlù padà, iná ò mọ̀ sí i.

Háídírójìn tó yẹ kí ẹ rí ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù tó 12 mL. Bí benzoate bá pé tí gáàsì ò pé, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí àti rọ́bà rẹ̀.