Bí a ṣe ń dáàbò bo àṣírí ẹni tó dáhùn ìbéèrè nínú ìwádìí ìjọba

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá kan ilẹ̀kùn rẹ, ó ní òun fẹ́ béèrè iye tó ń wọlé fún ọ lóṣù, àìsàn tó ń ṣe ọ́, àti àwọn tó ń bá ọ gbélé. Ìjọba kan náà ló ń gba owó orí, òun ló ń pín owó ìrànwọ́, òun ló sì ni ọlọ́pàá. Ta ni kò ní fura? Bí o bá wà lára àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ máa ṣọ́ olè tó lè jí kọ̀ǹpútà gbé nìkan. Ọ́fíìsì ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ náà yẹ ní ṣíṣọ́.

Orí ìbéèrè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, mú ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Èyí tí o kò bá rí iṣẹ́ fún, fa igi lé e lórí. Ọjọ́ ìbí gan-an kì í sábà wúlò. "Láàárín ọdún 30 sí 39" ti tó. Ní ọdún 2007, HMRC, ọ́fíìsì owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 25 ènìyàn sínú díìsì méjì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣàyẹ̀wò owó ìjọba, ó sì sọnù lọ́nà. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn aṣàyẹ̀wò ti sọ ṣáájú pé àwọn kò nílò nọ́ńbà àkáǹtì. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé yíyọ ọ́ kúrò yóò náni lówó.

Ìwé àlàyé fún olùkópa ló kàn. Èdè tó ń sọ nílé ni kí o fi kọ ọ́, má sì jẹ́ kó gùn. Sọ ẹni tó ń ṣe ìwádìí náà, ohun tó wà fún, àwọn tí yóò rí ìdáhùn, ìgbà tí a máa pa á rẹ́, àti ọjọ́ tó kẹ́yìn tí olùkópa lè ní òun kò ṣe mọ́. Là á mọ́lẹ̀ pé bó bá kọ̀, owó ìrànwọ́ rẹ̀ kò ní dín. Ṣùgbọ́n má ṣèlérí ohun tí o kò lè mú ṣẹ. "Kò sẹ́ni tó máa gbọ́" kì í ṣe òótọ́ bó bá lọ jẹ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kan nínú ilé náà. Kọ ọ́ báyìí: "Ohun tí ẹ bá sọ kò ní jáde kúrò láàárín àwa tí a ń ṣe ìwádìí yìí, àfi bí a bá rí i pé ẹ̀mí ẹnìkan wà nínú ewu."

Bí ìdáhùn bá ti ń wọlé, máa ya orúkọ kúrò lára rẹ̀. Fún olùkópa kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí a kàn ṣà, tí kò ti inú nọ́ńbà fóònù tàbí ti káàdì ìdánimọ̀ wá. Àkọsílẹ̀ tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà ní láti wà ní fáìlì ọ̀tọ̀, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, kí ẹni tó lè ṣí i má sì ju méjì lọ. Níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ yẹn bá ṣì wà, GDPR, òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ṣì ka gbogbo ìdáhùn náà sí ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a lè dá mọ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ le jù, torí ohùn ń júwe ẹni tó ni ín. Má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n rò pé bí orúkọ bá ti kúrò, ó parí. Kò tíì parí. Láàárín àwọn ọdún 1990, àkọsílẹ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùwádìí láìsí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Gómìnà William Weld ní kí ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Latanya Sweeney, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì MIT nígbà náà, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge. Ènìyàn mẹ́fà nínú ìwé yẹn ni ọjọ́ ìbí wọn bá ti gómìnà mu, mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin, gómìnà nìkan ló sì ń gbé àdúgbò tí kóòdù ìfìwéránṣẹ́ náà tọ́ka sí. Bó ṣe rí ìwé ìlera gómìnà nìyẹn.

Torí náà, ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí aládùúgbò ṣe máa kà á. "Obìnrin, ọdún 61, dókítà ẹran, ọmọ mẹ́rin", kí orúkọ abúlé tún tẹ̀ lé e: gbogbo abúlé ti mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ di "obìnrin, ọdún 60 sókè, oníṣẹ́ ìlera", kí o yọ iye ọmọ, kí o sì fi orúkọ ẹkùn rọ́pò ti abúlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a fẹ́ fà yọ nínú ìjábọ̀ ṣòro ju èyí lọ. Ẹni tó ní "láti ìgbà tí iléèwé tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ti jóná" ti dárúkọ ara rẹ̀ tán.

Àtẹ pàápàá máa ń tú àṣírí. Ká ní ènìyàn 48 ló dáhùn ní ẹkùn kan, 45 kò jẹ gbèsè, o wá fi àmì ìràwọ̀ bo àwọn 3 tó jẹ ẹ́. Ta ni kò lè yọ 45 kúrò nínú 48? Bo nọ́ńbà kejì náà, tàbí kí o sún gbogbo nọ́ńbà sí ìlọ́po márùn-ún tó bá sún mọ́ ọn jù. Tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjábọ̀ tó ti jáde ṣáájú, torí ohun tí àtẹ kan bò, òmíràn lè ṣí i.

Ní ti ọ́fíìsì ìjọba ẹ̀gbẹ́ yín tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ó lè dé lọ́jọ́ kan pé kí ẹ fún òun lórúkọ àwọn tó jẹ́wọ́ pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì tún ń gba owó ìrànwọ́. Kì í ṣe àròsọ. Ní 1943, iléeṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà kó orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ Japan tó ń gbé ìlú Washington fún Secret Service, àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ ààrẹ. Òfin ìgbà ogun ló yọ̀ǹda rẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí o ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwádìí nìkan ni ìdáhùn wọ̀nyí wà fún, kí ọ̀gá tó tó bẹ́ẹ̀ buwọ́ lù ú. Olùwádìí mìíràn tó bá fẹ́ lò ó, kó wá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ohunkóhun má jáde láìjẹ́ pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọsílẹ̀ orúkọ, ẹ pa á rẹ́ gbàrà tí ẹ kò bá ní padà sọ́dọ̀ olùkópa mọ́, torí ìwé ìlérí lásán kò ní lè dúró níwájú òfin tuntun.

Bí ọjọ́ ìparẹ́ bá pé, fi iṣẹ́ ìparẹ́ náà sọ́wọ́ ẹnì kan pàtó. Kó wo inú ìméèlì, fóònù àwọn tó lọ bi ìbéèrè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn, kọ̀ǹpútà ẹni tó tẹ ohùn náà sílẹ̀, àti ẹ̀dà tí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kó kọ ọjọ́ tó pa á rẹ́, kó sì fọwọ́ sí i.